O kò tíì gbọ́ béèsì rẹ̀

Lẹ́tà kan wá láti Oǹdó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń fọn saksofóònù tẹ́nọ̀ nínú ìjọ wa, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní kí n lọ gbọ́ àwo A Love Supreme ti John Coltrane, afọnsaksofóònù jáàsì ará Amẹ́ríkà, pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù mi, kò yé mi. Ọkùnrin náà á mú orin díẹ̀, á sọ ọ́ nù, á wá máa sáré kiri. Ṣé àṣìṣe ló ń ṣe tí wọn kò pa á rẹ́ ni, àbí etí tèmi ni kò tó? Màmá mi tún gbọ́ pé jáàsì ni mò ń gbọ́, inú wọn kò dùn sí i rárá. Mo kà á níbì kan pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ háyà sítúdíò kan ní Àkúrẹ́ fún ọjọ́ kan ká lè ṣe irú rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?»

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìjọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù, ìyẹn ni pé etí rẹ lè máà tó nǹkan. Ọdún mẹ́rin lo ti ń fọn, ọ̀gá rẹ nawọ́ àwo kan sí ọ, o gbé etí sí i, o kò bá ohun tó sọ níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Orí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan dà kọ fún mi ni èmi náà ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí mò ń gbé ní Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́. Mo gbọ́ ọ dé ìdajì, mo tì í sínú àpótí, ó sì lo ọdún méjì níbẹ̀ kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: fóònù tí o fi gbọ́ ọ yẹn, ṣé láti ara fóònù gan-an ni ohùn ti ń jáde, àbí o ki íápíìsì bọ etí? Mo fura pé láti ara fóònù ni, nítorí bí o ṣe ṣàpèjúwe ohun tí o gbọ́ ló tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tó ń gbé ohùn jáde lára fóònù kéré jù láti gbé ohùn ìsàlẹ̀. Béèsì, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ dùùrù, gbogbo wọn ló ń pòórá sínú rẹ̀. Ohùn òkè nìkan ló máa ń kù. Bẹ́ẹ̀, nínú àwo yìí, béèsì ni ilẹ̀ tí Coltrane ń tẹ̀. Bí o bá yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹni tó ń jó, ohun tí ojú rẹ á rí ni ẹnì kan tó ń ju apá ju ẹsẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí o gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, kò sì sí etí tó lè gbọ́ ohun tí kò dún. Yá íápíìsì, tàbí kí o so fóònù náà mọ́ sípíkà tó ní ikùn, kí o wá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ apá àkọ́kọ́. Agogo ńlá kan á dún wọ̀ọ̀, saksofóònù á kí ilé ní ṣókí, lẹ́yìn náà béèsì á dá wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́rin. Ohùn mẹ́rin péré. Á máa tún un sọ, á máa tún un sọ. Fi ẹnu kọ mẹ́rin yẹn títí wọn á fi mọ́ ọ lára kí o tó tẹ̀ síwájú, nítorí wọ́n ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Ẹni mẹ́rin ló wà nídìí àwo náà. Coltrane fọn tẹ́nọ̀, McCoy Tyner tẹ dùùrù, Jimmy Garrison ta béèsì onígi gíga tí wọ́n máa ń dúró tì, Elvin Jones sì jókòó sídìí ìlù. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1964 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey, ilé iṣẹ́ Impulse sì gbé e jáde ní 1965. Apá mẹ́rin ló ní: Acknowledgement, Resolution, Pursuance àti Psalm. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 33.

O ní ó mú orin, ó sì sọ ọ́ nù. Lọ sí ìparí apá àkọ́kọ́. Ní ibẹ̀, Coltrane á mú ohùn mẹ́rin tí béèsì ti ń sọ bọ̀, á gbé e lọ sí kíì mìíràn, ìyẹn ni pé á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ohùn mìíràn, á tún gbé e lọ sí òmíràn, títí ó fi kan kíì méjèèjìlá. Etí tí kò bá gbọ́ béèsì á ní ó ń ṣáko lọ. Ṣùgbọ́n rò ó bí akéde tó ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn: ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ké ní Arákalẹ̀ tó ń ké ní Ìjọ̀kà, ojú ilé ló ń yí padà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù wá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó ti gbé e yí gbogbo ìlú ká tán, ohùn ènìyàn á jáde, á sì fi ohùn mẹ́rin yẹn gan-an pe orúkọ àwo náà léraléra. Irin iṣẹ́ sọ ọ́ ṣáájú, ẹnu wá gbà á. Àwa tí ìyáàlù ti ń pa òwe fún kí elégbè tó gbè é, ṣé ó yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa?

Ohun kejì tó máa ń da àwọn ènìyàn rú ni sólò, ibi tí ẹnì kan ti ń dá ṣeré níwájú àwọn yòókù. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti wá sọ́wọ́ lẹni náà ń fọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wo apá kẹta, èyí tó yára jù nínú wọn. Báà 12, ìyẹn ìwọ̀n àsìkò méjìlá tó dọ́gba, ni ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn olórin ń pè ní búlúùsì, ó sì ń yí po láìdúró bí ọlọ. Ìlù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, saksofóònù fi kókó orin náà hàn, dùùrù gbà á, saksofóònù tún gbà á padà, ìlù tún dá sọ̀rọ̀, nígbẹ̀yìn gbogbo ilé dákẹ́ fún béèsì. Nínú gbogbo eré tí Coltrane ń sá níbẹ̀, báà 12 yẹn ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ibi tó dé. Nínú dùndún, omele àti gúdúgúdú kì í kúrò lójú ọ̀nà, ìyẹn ló fún ìyáàlù láyè láti lọ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó yà sídìí oríkì, kó sì padà bọ̀ láìṣìnà. Iṣẹ́ ọ̀hún ni dùùrù àti béèsì ń ṣe. Elvin Jones ló yàtọ̀, èmi náà sì jìyà lórí rẹ̀. Kò di ìlù kan mú bí gúdúgúdú. Ó ń lù bí ẹni mẹ́ta tó jókòó sórí àga kan, ìlù tí o sì ń retí á fara pamọ́ sáàárín wọn. Má wá a nínú ìlù ńlá. Fetí sí aro, idẹ pẹlẹbẹ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lù. Ibẹ̀ ni àsìkò wà.

Wàyí o, apá kẹrin. Bí o kò bá ní àkókò láti gbọ́ gbogbo rẹ̀, apá yìí ni kí o gbọ́. Àsìkò kò sí lórí ìlù mọ́, kò sí ohun tí ènìyàn lè pàtẹ́wọ́ sí. Elvin Jones ń lu tímpánì, ìlù ńlá tó ń kù bí àrá lókèèrè, saksofóònù sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, á sọ, á sinmi, á tún sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ó kàn ń ṣe ìrònú lásán ni, kí ẹnì kan tó ṣí inú páálí àwo náà hàn mí. Àdúrà gígùn kan wà níbẹ̀ tí Coltrane fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kẹrin jẹ́ ìròyìn ohun tí a kọ yìí nínú orin. Mo jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì tan ìwé náà, mo fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí saksofóònù ṣe ń sọ ọ́. Gbólóhùn kan, èémí kan. Sílébù kan, ohùn kan. Níbi tí ó bá ti kọ pé Ọlọ́run, a dúpẹ́, tí ó sì kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, saksofóònù á sọ̀ kalẹ̀ wọlé lọ́nà kan náà. Ara mi bù máṣọ. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀! Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni mo ti ń gbọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó gbà mí ní ọdún gbọọrọ kí n tó mọ ọ̀kan lára fèrè òyìnbó.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí inú dídùn gbé wa kọjá ibi tí òótọ́ dé. Èdè Òyìnbó kò ní dò, re, mí lórí sílébù bíi tiwa, nítorí náà ohùn saksofóònù kò gbé ọ̀rọ̀ náà bí ìyáàlù ṣe ń gbé e. Ẹni tí kò bá rí ìwé náà kò lè mọ ohun tó ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ èdè ìlù kò nílò ìwé. Ohun tí Coltrane ń tẹ̀lé ni iye sílébù àti ibi tí èémí ti ń já. Á dúró pẹ́ lórí ohùn kan, á sì wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lópin gbólóhùn. Bí oníwàásù aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ṣe ń wàásù nìyẹn nígbà tí ẹ̀mí bá gbé e, ibẹ̀ ni ó sì ti rí i: àlùfáà ni bàbá-bàbá rẹ̀ àti bàbá-màmá rẹ̀, àwọn méjèèjì, ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Síónì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní North Carolina. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ apá kẹrin, má gbà á. Èyí tó dájú ni pé ó fẹ́ràn ohun tiwa. Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New York. Coltrane kọ orin kan ní 1962 tó pè ní Tunji, ilé ẹ̀kọ́ Olatunji ní Harlem ló sì ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta kó tó kú. Eré yẹn wà lórí àwo títí di òní.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ, má sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa lónìí, jáàsì ti di orúkọ oògùn. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ní jáàsì lára, olórin kọ́ ni wọ́n ń wí. Ìyá tó sì gbọ́ pé ọmọ òun tó ń fọn fèrè ní ìjọ ti ń gbọ́ jáàsì lóru, ó tọ́ kí àyà rẹ̀ já. Jókòó tì wọ́n, sọ fún wọn pé orúkọ orin ni, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Kí o sì sọ ìtàn ọkùnrin yìí fún wọn. Ọtí àti heroin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ní 1957 ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì kọ ọ́ sínú páálí àwo yìí pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni, pé nígbà náà lòun bẹ̀bẹ̀ kí Ọlọ́run fún òun ní àǹfààní láti fi orin mú inú àwọn ẹlòmíràn dùn. Àwo náà ni ọpẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, má purọ́ fún wọn pé orin ìjọ ni. Coltrane ka ìwé ẹ̀sìn oríṣiríṣi, ó sì sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun gba gbogbo ẹ̀sìn gbọ́. Bí màmá rẹ bá gbọ́ ìyẹn tí wọn kò sì fẹ́ kó máa dún nílé, ilé wọn ni. Íápíìsì á gbà ọ́. Ohun tí mo rò pé ó lè wọ̀ wọ́n lọ́kàn ni kí o ka àdúrà náà sókè ní Yorùbá fún wọn, kí apá kẹrin máa dún lọ lábẹ́ ohùn rẹ.

Bí o bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì tíì wọ̀ ọ́, kò burú, fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá rẹ fi òkè gíga bẹ̀rẹ̀ fún ọ, mo sì rò pé ọ̀nà tó rọrùn jù wà. Gbọ́ Sonny Rollins, tí òun náà ń fọn tẹ́nọ̀, lórí àwo Saxophone Colossus ti 1956. Àwọn náà jẹ́ ẹni mẹ́rin. Orin àkọ́kọ́ níbẹ̀, St. Thomas, jẹ́ orin àwọn ará erékùṣù Caribbean, ó sì ní ijó tí ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá á dá mọ̀ kíá. Wàá gbọ́ bí Rollins ṣe mú ègé orin kékeré kan tó ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Gbọ́ Orlando Julius pẹ̀lú, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yọ Èkìtì jáde ní 1996. Super Afro Soul rẹ̀ ti 1966 kì í ṣe jáàsì gan-an, ṣùgbọ́n saksofóònù rẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn ìyẹn, padà sọ́dọ̀ Coltrane.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sítúdíò. Òótọ́ ni pé ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ka ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Tyner àti Jones ti wà lọ́dọ̀ Coltrane láti 1960, Garrison wọlé ní ìparí 1961. Fún ọdún mẹ́ta gbáko àwọn mẹ́rin yìí ti ń ṣeré papọ̀ láti ìlú dé ìlú, bí ọ̀kan bá mí, èkejì ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Coltrane sì ti jókòó nílé kọ ètò iṣẹ́ náà sórí ìwé, ìwé ọ̀hún wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Kódà, ọjọ́ kejì, ó tún padà lọ sí sítúdíò pẹ̀lú ẹni méjì sí i, Archie Shepp tó ń fọn saksofóònù àti Art Davis tó ń ta béèsì, ó tún apá àkọ́kọ́ gbà, kó tó pinnu pé ti ẹni mẹ́rin lòun á gbé jáde. Nítorí náà, ọjọ́ kan tí o kà nípa rẹ̀ yẹn, ìkórè ni.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tí o fẹ́ ṣe yìí. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan háyà sítúdíò kan ní Àkúrẹ́ níbí. Yàrá ibẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ sítúdíò wa, nítorí akọrin kan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Wọ́n fi kílíkì, ìró kékeré tó ń ka àsìkò, sí wa létí, onílù kọ́kọ́ wọlé lù tirẹ̀, béèsì tẹ̀ lé e, kíbọ́ọ̀dù, èmi ni mo kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ bára mu, wọ́n yọ gbogbo àṣìṣe kúrò, ó sì kú fin-ín-fin-ín. Báwo ni onílù ṣe fẹ́ dá mi lóhùn nígbà tó ti lọ sílé kí n tó sọ̀rọ̀? Ọ̀nà yẹn ní àǹfààní tirẹ̀, n kò ní tàn ọ́: bí ẹ kò bá tíì mọ ara yín, ó ń bo ìtìjú, ẹ sì lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Fún orin ìyìn tí akọrin wà níwájú, ó dára. Fún irú èyí tí o ń wí, kò dára.

Lẹ́ẹ̀kejì, a fi oṣù méje pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí a tó gbà ohunkóhun sílẹ̀. A wá tọrọ gbọ̀ngàn kan, a wọ ibẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti dákẹ́. A gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó bí okùn iná ṣe lè gùn tó. Nítorí táìlì àti ògiri bíléékì máa ń da ohùn padà bí inú ìkòkò, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a fi àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ ara ògiri. A dúró síbi tí a ti lè rí ojú ara wa. Ìlù wọ inú máìkì mi, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ohùn kan wà tí mo ṣì fọn nínú orin kẹta, ó wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ẹni mẹ́rin. Owó tí a ná kò padà, má sì retí pé tiyín á padà, àwọn tó ń ra irú orin yìí ní ìlú wa kò pọ̀. Bí ẹ bá ṣe é ní àsìkò ọyẹ́, kí o tọ́jú ríìdì rẹ, ewé esùsú tín-ín-rín tó wà lẹ́nu saksofóònù, sínú ike oníbo tí ọ̀rinrin díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ọyẹ́ máa ń ká ríìdì lọ́rùn láàárín òru kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí owó sítúdíò yẹn ṣì wà lápò. Má sì ṣe irú Coltrane. Ìlú Oǹdó lo wà, orin Obìtun, orin ayẹyẹ àwọn ọmọbìnrin tó ń bàlágà, wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ṣì mọ̀ lórí. Lọ bá ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ, mú ègbè rẹ̀, gé ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀. Kí béèsì máa sọ ọ́ láìdúró, kí ìwọ máa gbé e láti kíì dé kíì. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti C tí o ń gòkè ní ìdajì ohùn, ìdajì ohùn, èkeje á gbé ọ dé F♯, ìka sì lè kọ̀ níbẹ̀. Dúró lórí ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan kí o tó lọ sí èkejọ, kí o sì kọ̀wé sí mi nígbà tí ẹ bá pé méjìlá.